Oúnjẹ Ìdágbére lórí Òkè-Òdòdó

"Èyí ńkọ́?" Ìbídùn bi bàbá rẹ̀ léèrè. Ó na ọwọ́ sí ilé onídígí kan tí èéfín aláwọ̀ àlùkò ń rú jáde lójú fèrèsé rẹ̀. "Ibí ni gbogbo ọmọ òkè ń wọ́ lọ báyìí. Wọn kì í gbé àwo síwájú èèyàn rárá. Ọbẹ̀ ni wọ́n ń sọ di èéfín, ẹ ó kàn fà á símú."

Bàbá Ògúnṣọlá fi ọ̀pá gún ilẹ̀, ó gbé imú sókè sí èéfín náà. "Kí n fà á símú bí aáṣáà?"

"Ó máa ń yóni, Bàbá."

"Ìbídùn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa jẹun lórí òkè yìí láyé mi. O wá fẹ́ kí n fi imú jẹ ẹ́?"

Ìbídùn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sọ fún gbogbo Òkè-Òdòdó ibi tó yẹ kí wọ́n ti jẹun. Láràárọ̀ ni ohùn rẹ̀ ń dún létí àwọn tí ẹ̀gbà ọwọ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, àwọn tí ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láyè pé kí wọ́n fi ìyẹ̀fun ìlú sílẹ̀, kí wọ́n máa jẹ ohun tó hù nínú ilẹ̀. Bó bá ní ọbẹ̀ ilé kan dùn, èrò á ya lọ síbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Bó bá dákẹ́ nípa ilé mìíràn, onílé á kógbá wọlé. Ahọ́n rẹ̀ ló gbé e gòkè láti ìsàlẹ̀ ìlú, ahọ́n náà ló sì ń bọ́ ọ. Lónìí, èèyàn kan ṣoṣo ló ń wá ilé oúnjẹ fún, kò sì mọ ibi tó máa mú un lọ.

Tọkọtaya kan ń bọ̀ níwájú wọn, ajá onírin wọn ń sáré tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n ṣe rí okùn aláwọ̀ eérú tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ Bàbá, wọ́n yà bàrá sí òdìkejì títì. Kò sẹ́ni tí kò mọ okùn náà. Ẹni tó bá pé àádọ́rin ọdún ni wọ́n ń so ó mọ́ lọ́wọ́, láàárọ̀ ọjọ́ tí ìpín oúnjẹ rẹ̀ bá parí. Bó bá jẹ oúnjẹ ìkẹyìn rẹ̀ tán, àwọn aláṣọ eérú á mú un lọ, kì í sì í padà mọ́.

"Gbọ́ ẹsẹ̀ wọn," ni Bàbá wí. "Bí ẹni pé àrùn ni mo kó wá."

"Ẹ má dá wọn lóhùn. Ti òkè yẹn ńkọ́? Ojú Sánmà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n so àga kọ́ sókè, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Ẹ ó máa gbọ́ ariwo gbogbo ìlú nílẹ̀."

"Sánmà kẹ̀? Kí ni mo ń kánjú débẹ̀ ṣe?" Bàbá rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ títí ikọ́ fi gbà á. Ìbídùn ò lè bá a rẹ́rìn-ín.

"Ó ku Abẹ́ Agbálùmọ̀," ló wí níkẹyìn. "Iná èédú ni wọ́n fi ń sun iṣu níbẹ̀."

"Iná gidi?"

"Iná gidi, Bàbá."

"O ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀! O ń mú mi rìn kiri bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù."

Ìbídùn kò sọ ìdí kejì fún un. Ní gbogbo ilé oúnjẹ yòókù, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń ti olókùn eérú mọ́, kó dá nìkan jẹ oúnjẹ ìdágbére rẹ̀ láàárín ògiri mẹ́rin. Abẹ́ Agbálùmọ̀ nìkan ló gbà kó bá ọmọ rẹ̀ jókòó sí tábìlì kan náà, kí kálukú ní àwo tirẹ̀. Òfin sì wí pé ẹni tí oúnjẹ tirẹ̀ wà níwájú rẹ̀ nìkan ló lè pe ẹlòmíràn síbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni. Bí Ìbídùn bá lè là á lẹ́nu, bàbá rẹ̀ kò ní lọ.

Kò tíì mọ̀ bóyá òun máa là á lẹ́nu. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, a ò ní parọ́ mọ́ ọn.

Igi agbálùmọ̀ kan wà láàárín àgbàlá náà lóòótọ́, wọ́n fi dígí yí i ká kí ẹnikẹ́ni má baà já èso rẹ̀. Àwọn tó ń jẹun jókòó yí i ká, orí gbogbo wọn wà nílẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o!" Bàbá kí wọn pẹ̀lú ohùn tó fi ń pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láyé ìjọ́un, nígbà tó ń jó irin.

Kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Obìnrin kan tiẹ̀ fọwọ́ bo àwo rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ, àmọ́ ní Òkè-Òdòdó, wọ́n ti fọwọ́ bò ó títí ọwọ́ fi gan síbẹ̀.

"Kí ló ṣe àwọn wọ̀nyí?" ni Bàbá béèrè. "Wọn ò rí mi ni? Ẹnì kan ò tilẹ̀ ní 'Bàbá, ẹ wá jẹun'?"

"Ẹ rọra, Bàbá. Wọn kì í sọ ọ́ níbí."

"Ta ló fẹ́ jẹ oúnjẹ wọn? Èèyàn á ní 'ẹ wá jẹun', wàá ní 'á gba ibi ire', kálukú á máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣebí ìkíni lásán ni!"

"Àwọn tábìlì ń gbọ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

Àbọ́sẹ̀dé, obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn èèyàn, sáré jáde wá pàdé wọn. Ó mọ Ìbídùn dáadáa, ẹ̀rù rẹ̀ sì máa ń bà á bó ṣe ń ba gbogbo wọn. Ó kúnlẹ̀. Nígbà tó rí okùn eérú, kò tètè dìde mọ́.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ló wí jẹ́jẹ́. "Kí ni kí a gbé wá fún yín?"

"Iṣu sísun àti epo pupa. Ẹ má fá gbogbo ojú rẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kó jóná díẹ̀ létí."

"Ẹ ó rí i bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

"Ohun kan náà," ni Ìbídùn dáhùn.

Bí wọ́n ṣe jókòó, iná kékeré kan tàn láàárín tábìlì. "Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ káàbọ̀ mà," ni tábìlì wí, pẹ̀lú ohùn ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. "Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú ọjọ́ ńlá òní."

Inú Bàbá dùn. "Ọmọ dáadáa. Ta ló bí ẹ?"

"Ilé-iṣẹ́ Ìpín ló ṣe mí, sà."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Mi ò ní, sà."

"Ó hàn lára rẹ."

Àbọ́sẹ̀dé tó ń lọ fi ọwọ́ bo ẹnu. Tábìlì kò bínú, wọn ò kọ́ ọ ní ìbínú. "Nítorí pé ẹni ìdágbére bá ẹni tó ní ìpín jókòó," ló tẹ̀ síwájú, "ó di dandan kí n ka Òfin Ìpè sí yín létí."

Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Ẹsẹ̀ tábìlì náà ló gbá mú, ó ń fi àtàǹpàkò yẹ ojú ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin. Òun ló jó ilẹ̀kùn ńlá tó wà lẹ́nu ibodè òkè yìí nígbà tó ṣì lágbára, irin tó ń dènà àwọn ará ìsàlẹ̀ ìlú, òun náà sì wà lára wọn. Iná irin ti jẹ ojú rẹ̀ tán. Ọwọ́ ló fi ń ríran báyìí.

"Bí ẹni tó ní ìpín bá sọ fún ẹni ìdágbére pé 'ẹ wá jẹun', ìpè ni," ni tábìlì ń kà. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lè pe èèyàn. Bí ẹni tí a pè bá sọ pé 'mo gbà', wọn yóò jọ máa pín ìpín ẹni tó pè é títí ayé. Ìdáhùn mìíràn, ìkọ̀ ni." Ó fa ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn gùn, ó sì gbé e sókè bí ọmọ iléèwé tó ń ka àkọ́sórí: ìkọ̀ ni-í-í.

"Ìranù!" Bàbá sọ láti abẹ́ tábìlì. "Ta ló jó irin yìí? Itọ́ ni wọ́n tu sí i. Bí èèyàn bá fi ìdí lé e dáadáa, ó máa já."

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ?"

"Kí ló sọ? Ẹsẹ̀ tábìlì ni mò ń wò." Ó gbé orí jáde, ó ń gbọn ìyẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́.

Ìbídùn lè ṣàlàyé fún un nígbà náà. Àmọ́ bó bá ṣàlàyé, ó di dandan kó pè é, kò sì tíì gbà pẹ̀lú ara rẹ̀ pé òun máa pè é.

Nítorí Málọmọ́ ni. Inú ìpín Ìbídùn ni ọmọbìnrin rẹ̀ ti ń jẹun, ìpín kan náà ni àwọn méjèèjì ń há láàárín ara wọn. Ìyẹ̀fun ìlú kì í bá ọmọ náà lára mu. Kí wọ́n tó gòkè, ẹ̀ẹ̀mejì ni ara rẹ̀ wú tí ojú rẹ̀ yí, tí ìyá rẹ̀ gbé e dání títí ilẹ̀ fi mọ́ láìmọ̀ bóyá ó ń mí. Ohun tó hù nínú ilẹ̀ ló gbà á là. Bí Bàbá bá wọ inú ìpín náà, kò ní ká ẹni mẹ́ta mọ́, ìyẹ̀fun ni wọ́n máa fi dí àlàfo tó bá kù. Ìbídùn lè jẹ ìyẹ̀fun. Àmọ́ àwọn tó ń pín in kì í gbà kí ìyá fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ: bí ìpín bá fọ́, orí gbogbo wọn ló fọ́ lé, ìyẹ̀fun á sì kan Málọmọ́ náà. Ta ni èèyàn á wá mú, ta ni á fi sílẹ̀? Inú ń bí i sí àwọn tó ṣe òfin, inú ń bí i sí bàbá rẹ̀ tó kọ̀ tí kò kú ní ọdún tó kọjá nígbà tó ṣàìsàn, ìbínú kejì yìí sì ń bà á lẹ́rù.

Àbọ́sẹ̀dé gbé iṣu dé. Ó pupa fòò lójú, etí rẹ̀ jóná díẹ̀, òórùn èédú ń bá a bọ̀. Bàbá kò fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé imú sún mọ́ ọn, ó pa ojú dé.

"Ìyá rẹ," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Iwájú ilé la ti ń jẹ ẹ́. Ìyá rẹ a máa pe gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Bí adìyẹ bá kọjá, á ní kó wá jẹun." Ó bu iṣu, ó tì í bọ epo. "Ṣé o rántí ọkùnrin tó gbà?"

"Èwo nínú wọn?"

"Ọ̀kan náà ló wà. Àjèjì ni, ó gbé àpò sí èjìká. Ìyá rẹ ní 'ẹ wá jẹun', bó ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Ọkùnrin yẹn ní 'ẹ ṣé', ó fọ ọwọ́, ó jókòó!" Bàbá rẹ́rìn-ín, epo kán sí i lágbọ̀n. "Kí la fẹ́ ṣe? Ó jẹ, ó jẹ, ó fọwọ́ nu àwo. Ebi ń pa á, mi ò bá a wí. Àmọ́ oúnjẹ tó jẹ, ti ẹnì kan ni."

"Ti ta ni?"

"Tìrẹ ni. Ìwọ lo kéré jù, ìwọ lo ò tíì jẹ. O sunkún títí oorun fi gbé ẹ lọ. Ìyá rẹ náà sunkún." Ó jẹ òkèlè náà, ó rọra ń rún un. "Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá gbà lóòótọ́, ọ̀fun ọmọdé ló máa ń já a gbà."

Ìbídùn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kò gbọ́ ọ délẹ̀. Àwo bàbá rẹ̀ ló ń wò. Iṣu ibẹ̀ ń dín kù, bó sì ṣe ń dín kù ni iná inú ẹ̀gbà ọwọ́ Bàbá ń ṣe bàìbàì. Tirẹ̀ wà níwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e wá. Bó bá kù díẹ̀, màá sọ ọ́, ló ń wí fún ara rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀, ó ní kó tún kù díẹ̀ sí i. Bàbá ń bi í nípa Málọmọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ ti hù padà, ṣé ó ṣì ń bẹ̀rù òjò. Ìbídùn ń dáhùn, kò mọ ohun tó ń sọ.

Ó wá ku ègé kan ṣoṣo nínú àwo. Lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, àwọn aláṣọ eérú méjì ti yọ, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń dúró bí èèyàn jẹ́jẹ́.

Bàbá na ọwọ́ sí ègé náà.

"Bàbá!" Ohùn Ìbídùn dún ju bó ṣe rò lọ. Àwọn tó wà nídìí tábìlì yòókù gbé ojú sókè, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ti àwo rẹ̀ síwájú. "Bàbá, ẹ wá jẹun."

Ṣíbí kan bọ́ sílẹ̀ níbì kan. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ irú ìpè yẹn lábẹ́ igi náà.

"Á gba ibi ire o," ni Bàbá dáhùn, wéré, bí gbogbo ọmọlúàbí ti ń dá a lóhùn láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Kò tiẹ̀ gbé ojú kúrò nínú àwo rẹ̀.

"Ìkọ̀," ni tábìlì wí. "A ti kọ ìdáhùn náà sílẹ̀. Ẹ ṣeun sà."

Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí Ìbídùn láyà ni ìtura. A ò ní fi bò. Ó tú u lára bí omi tútù, ó rí Málọmọ́ tó ń sáré kiri pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò wú. Lẹ́yìn náà ni ìtìjú dé, ó sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi dìde dúró.

"Rárá! Bàbá, ẹ sọ pé ẹ gbà! 'Mo gbà' lẹ máa sọ! Wọn ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dáhùn. Gbọ́, ìwọ tábìlì, kò mọ̀! Àṣà ni! Kò sẹ́ni tó ń pe èèyàn wá jẹun tí onítọ̀hún ò ní sọ bẹ́ẹ̀!"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lè pe èèyàn, mà," ni tábìlì fèsì. "Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Jẹ́ kí n pè é lẹ́ẹ̀kejì nígbà náà! Pe ọ̀gá rẹ!"

"Ìbídùn." Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà le, àpá iná irin wà káàkiri rẹ̀. "Jókòó. Má jẹ́ kí wọ́n máa wò wá. Ẹnu mi ló yá jù. Ẹnu àgbà ni, ó ti mọ́ ọn lára. Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ. O pè mí, mo gbọ́ ọ pé o pè mí."

Ó mú ègé ìkẹyìn náà, ó fi nu gbogbo epo tó kù nínú àwo, ó jẹ ẹ́. Ó lá àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ kú.

Àwọn aláṣọ eérú wá. Wọ́n kí i, wọ́n bá a mú ọ̀pá rẹ̀. Àbọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń sunkún láìpariwo. Ìbídùn fẹ́ tẹ̀ lé wọn, àmọ́ ilà pupa kan tàn lórí ilẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá.

Nígbà tí Bàbá dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó yíjú padà, ojú tí iná ti jẹ náà ń wá a kiri, títí tó fi mọ ibi tó wà.

"Ìdáhùn mìíràn," ló wí, ó fa ọ̀rọ̀ náà gùn, ó gbé e sókè gẹ́gẹ́ bí tábìlì ti gbé e, láìyẹ̀ ní ibì kankan, "ìkọ̀ ni-í-í."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá, ẹ gbọ́ ọ?"

"Ojú mi ló fọ́, ọmọ mi. Etí mi ò ṣe nǹkan kan. Jẹ oúnjẹ rẹ kó tó tutù. Kí o sì bá mi kí Málọmọ́."

Ilẹ̀kùn pa dé. Àwọn tó ń jẹun dorí kodò, wọ́n sì fọwọ́ bo àwo wọn padà.

Ìbídùn jókòó. Iná kékeré tàn láàárín tábìlì. "Mà, oúnjẹ ilẹ̀ kì í ṣòfò," ni tábìlì sọ jẹ́jẹ́. "Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, a ó yọ ọ́ nínú ìpín ilé yín."

Ilé yín. Òun àti Málọmọ́ nìyẹn. Ó bu iṣu náà, ó tì í bọ epo, ó fi sẹ́nu. Omijé ń ṣàn wọ inú àwo, ó sì ń jẹ ẹ́, ègé tẹ̀ lé ègé, títí àwo fi mọ́.

"Ẹ ṣeun, mà," ni tábìlì wí. "Àwọn tó ń gbọ́ ohùn yín fẹ́ mọ̀. Báwo ni oúnjẹ wa lónìí?"

Ìbídùn fẹ́ parọ́. Ó wá irọ́ náà lórí ahọ́n rẹ̀, ahọ́n tí kò parọ́ oúnjẹ rí, kò rí i níbẹ̀. Iṣu náà gbẹ, ó rọ̀, ó jóná díẹ̀ létí bí bàbá rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ. Kò tíì jẹ irú rẹ̀ rí lórí òkè náà, kò sì ní dárí ji ẹnu ara rẹ̀ láéláé pé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ó dùn," ló wí.